Ohun Méjì Tí Bàbá Mi Gbé Wá Láti Oǹdó

Búrẹ́dì tí mo rà láàárọ̀ yìí ní Arákalẹ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ náírà ni, bí mo sì ṣe fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ báyìí ni ó pẹlẹbẹ bí tìmùtìmù tí àlejò ti jókòó lé pẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tọ́rọ́ ni wọ́n ń ta èyí tó tóbi tó o, ó sì le débi pé ọmọdé lè jókòó lé e. Mo mọ̀, nítorí ilé wa ni wọ́n ti ń ṣe é. Kẹ̀kẹ́ tó gbé mi lọ sí Ọjà Ọba gba ọ̀ọ́dúnrún náírà lọ́wọ́ mi, kò sì tíì gbé mi dé ibi tí mo ń lọ tó fi ní kí n sọ̀ kalẹ̀, pé òun fẹ́ yí padà. Láyé Bàbá mi, sísì ni lọ́rì ń gbà láti Àkúrẹ́ dé Ọdà, ẹni tó bá sì mọ awakọ̀ lè fi búrẹ́dì san án. N kò sọ pé ayé àtijọ́ dùn ju tòní lọ. Ebi máa ń pa wá, bàtà ẹyọ kan ṣoṣo ni mo ní, ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo sì ń wọ̀ ọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé, nígbà yẹn, bí nǹkan bá wọ́n, a mọ ìdí rẹ̀. Bí ó bá sì pọ́ọ́kú, a máa ń bèèrè ìdí rẹ̀.

Dàpọ̀ ọmọ ọmọ mi ni kò bèèrè. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni ó wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tuntun wọ inú ọgbà, fèrè rẹ̀ ń ké bí òròmọdìyẹ tí àṣá gbé ìyá rẹ̀ lọ. Ó ní irú èyí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ ní àdúgbò wa tó rà á, pé owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti àwọn tí a mọ̀. “Bàbá àgbà, ẹ wá gbàdúrà sí i.” Mo dìde, mo yí i po. Mo fi ìka kan ara rẹ̀, ó dún bí agolo mílíìkì tí wọ́n ti mu tán. Mo tẹ àga ẹ̀yìn, ó wọlé, kò sì jáde mọ́. Mo wo táyà iwájú, ọ̀kan ṣoṣo, tín-ín-rín, bí ẹsẹ̀ lékeléke. “Dàpọ̀, kí ni wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀ tí owó rẹ̀ fi wálẹ̀ tó báyìí?” Ó rẹ́rìn-ín. “Bàbá àgbà, wọn ò yọ nǹkan kan o. Ayé ń lọ síwájú ni.” “Síwájú, mo gbọ́. Bó bá wá fẹ́ yà sọ́tùn-ún ńkọ́?” Ó lọ gbé e sí abẹ́ igi ọsàn, pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n kọ̀ láti kí kú oríire. N kò gbàdúrà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ibi tó gbé e sí gan-an ni Bàbá mi gbé tirẹ̀ sí ní ọdún yẹn, kí igi ọsàn yìí tó wà, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ ibi tí a ń to igi ìdáná sí.

Ariwo ni mo fi ń rántí ilé wa ṣáájú ohun mìíràn. Kí àkùkọ tó kọ ni Làmídì ti ń gbá ìyẹ̀fun mọ́ pákó: gbì, gbì, gbì. Làmídì ni ọmọṣẹ́ Bàbá mi, géńdé aláyọ̀ kan tó máa ń kírun tán kí ó tó fọwọ́ kan ìyẹ̀fun, tí a kì í sì rí ìpéǹpéjú rẹ̀ nítorí funfun tó bò ó. Bàbá mi a máa fi ètè súfèé orin ìsìn nídìí ààrò ńlá tí wọ́n fi amọ̀ mọ sí ẹ̀yìnkùlé, èyí tó rí bí ìjàpá tó ya ẹnu. Ìyá mi a máa fi ọ̀bẹ ha agolo tí a fi ń ṣe búrẹ́dì, kára-kára, kára-kára. Èmi ni mo ń fi òróró pa agolo náà, Bísí ẹ̀gbọ́n mi ni ó ń pọn omi. Èyí tó bá jóná nínú búrẹ́dì ni oúnjẹ àárọ̀ wa. A ó ha dúdú rẹ̀ dànù, a ó sì fi ìyókù gbọ́n omi ọbẹ̀ àná. Ṣùgbọ́n Yèyé Àgbà, ìyá tó bí Bàbá mi, kò jẹ búrẹ́dì rí. Iyán ni oúnjẹ lójú tirẹ̀. “Kànrìnkàn tí wọ́n fi ṣúgà sí” ni ó máa ń pe búrẹ́dì, ìyẹn ohun tí ọmọ rẹ̀ fi ń bọ́ gbogbo wa. Bí ó bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń bó ẹ̀gúsí, kò sí ohun tó wọlé tàbí tó jáde nínú ọgbà tí kò ní fi ojú wọ̀n kí ó tó kọjá. Ó ti bí ọmọkùnrin kan ṣáájú Bàbá mi, lọ́rì ni ó sì pa á ní ọ̀nà Oǹdó. Láti ìgbà náà ni kò ti fọkàn tán ohunkóhun tó bá ń yí.

Oǹdó ni Bàbá mi ti kọ́ṣẹ́ búrẹ́dì. Ibẹ̀ náà ni ó ti rí ìyá mi, ó sì mú un wálé nígbà tí Yèyé Àgbà ti bá ilé kan ní Arákalẹ̀ níbí sọ̀rọ̀ ọmọ wọn tán. Yèyé Àgbà kò na ìyá mi, kò bú u, kò fi oúnjẹ dù ú. Kò kàn pè é ní ọmọ mi rí ni. Bí àlejò bá wà, a ní “Ìyá Bísí”. Bí kò bá sí àlejò, a ní “obìnrin Oǹdó”. Ìyá mi a sì máa kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀: “Ẹ káàárọ̀, Yèyé.” Òun a dáhùn, “Hùn.” Èmi rò pé bí gbogbo ìyá àgbà ṣe ń dáhùn nìyẹn. Mo ti dé yunifásítì, mo ti ń gbé láàárín àwọn ọmọ ilé mìíràn, kí n tó mọ̀ pé “hùn” kì í ṣe ìdáhùn.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ọkọ̀ àjò kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé búrẹ́dì láti ibòmíràn lọ sí Ọdà ní ìdájí. Ọdà ni ọjà wa wà. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ a máa ra búrẹ́dì bí wọ́n bá ń lọ sóko, gbígbóná ni wọ́n sì ń fẹ́ ẹ. Tiwa ní láti dúró kí lọ́rì kún ní gáréèjì, oòrùn a ti mú kí ó tó débẹ̀, àgbẹ̀ a ti wà lóko. Apẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé pẹ̀lú ìdajì rẹ̀, a sì ń jẹ búrẹ́dì láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Mo gbọ́ tí Bàbá ń sọ fún Ìyá pé bí ó bá ń lọ báyìí, òun yóò jẹ́ kí Làmídì máa lọ, lẹ́yìn náà òun yóò pa iná ààrò. Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òkú ni ó ṣe sọ ọ́. Ó lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ kan, a rò pé àwọn àna rẹ̀ ni ó lọ kí. Nígbà tí ó padà, a gbọ́ ariwo rẹ̀ kí a tó rí i: pa-pa-pa-pa! Ẹ̀rọ kan ni ó gùn dé: orí rẹ̀ jẹ́ ti alùpùpù, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ti àpótí, ẹsẹ̀ kan níwájú, méjì lẹ́yìn, àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún. Bàbá ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó irú rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù kan ní Oǹdó ni, pé kò wọ́n rárá, pé oníṣọ́ọ̀bù ní kí òun máa wà á wò fún ìgbà díẹ̀, bí kò bá tẹ́ òun lọ́rùn kí òun dá a padà. Gbogbo àdúgbò ti pé jọ. Àwọn ọmọdé ń fọwọ́ kàn án, wọ́n ń sá.

Yèyé Àgbà dìde lẹ́nu ọ̀nà. Ó yí i po. Ó fi ìka kàn án. “Délé, ẹsẹ̀ kẹrin rẹ̀ dà?”

“Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, Yèyé,” ni Bàbá mi wí.

“Ta ló gé e?”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Eélòó ni?” Bàbá sọ ọ́, ó sì fi kún un pé ọ̀pọ̀ ni. Yèyé ní, “Ohun tí wọ́n bá tà ní ọ̀pọ̀, olówó rẹ̀ ti rí nǹkan tí ìwọ kò tíì rí.” Lẹ́yìn náà ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí a kò gbàgbé nínú ilé wa. Ó fi ẹ̀yìn sí ẹ̀rọ náà, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní: “Ohun méjì ni o ti gbé wọ inú ulé yìí láti Oǹdó tí o kò bi mí. Ọ̀kan ń jẹun, ọ̀kan ń mu bẹntiróòlù.” Àwọn èèyàn tún rẹ́rìn-ín, ó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ẹ̀yìnkùlé, kára-kára ọ̀bẹ ìyá mi lára agolo dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó le ju ti tẹ́lẹ̀.

Làmídì ni ó gba ọ̀rọ̀ náà, ó rò pé òun fẹ́ fi àwàdà parí ìjà. “Yèyé, ṣé ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù? Òkúta mẹ́ta ni ìkòkò yín ń jókòó lé láti ọjọ́ tí ẹ ti délé ọkọ, ṣé ó ti ṣubú rí?” Inú Bàbá dùn. “Yèyé, ẹ gbọ́ ohun tí Làmídì wí?” Yèyé Àgbà wo Làmídì láti orí dé ẹsẹ̀. “Kò da ọbẹ̀ nù nítorí pé ààrò kì í rìn.” Ó ti fẹ́ wọlé kí ó tó yí padà. “Ó dáa. Ẹ ti fi òwe bẹ̀ mí, ẹ jẹ́ ká jọ wo òwe náà. Ọ̀la ni n óò se ọbẹ̀ kún ùkòkò. Ẹ fi gbé e lọ fún àbúrò mi ní Ọdà. Bí kò bá dà nù, kí ó máa gbé nínú ulé yìí. Bí ó bá dà nù, ẹ dá a padà sí Oǹdó, àti…” Kò parí rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti yà sí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, a sì rí i pé ìyá mi ti dúró síbẹ̀, ó ń nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀. Ìyá mi ní, “Èmi ni n óò gbé ìkòkò náà, Yèyé.”

Ọbẹ̀ ilá ni Yèyé Àgbà sè, ó sì ṣàn bí omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Èmi tí mo mọ bí ọbẹ̀ Yèyé ṣe máa ń ki tó, mo mọ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ó bu ú títí ó fi kan etí ìkòkò, kò fi ọmọrí dé e, aṣọ funfun kan ṣoṣo ni ó dà bò ó, kí ẹ̀rí lè wà. Ìyá mi wọ inú àpótí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ó ká òṣùká sí itan rẹ̀, wọ́n gbé ìkòkò lé e. Wọ́n ní kí n jókòó tì í, kí n máa lé eṣinṣin. Bàbá rọra wà á bí ẹni ń wa ọkọ̀ ìyàwó tuntun. Ọkùnrin kan tó ru iṣu kọjá wa ní ọ̀nà Ọdà, ó kí wa, ó sinmi lábẹ́ igi, a kọjá rẹ̀, ó tún kọjá wa. “Ẹ̀yin wọ̀nyí, ṣé kí n bá yín tì í?” Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Kò wo igbó, kò wo ọ̀nà. Bí ẹ̀rọ náà bá tẹ̀ sí òsì, ara rẹ̀ a tẹ̀ sí ọ̀tún. Ìkòkò kò mọ̀ pé a ń rìn. Nígbà tí a dé, Yèyé Ọdà, àbúrò Yèyé Àgbà, ẹni tó jọ ọ́ bí ẹni pé èèyàn kan náà ló pín sí ìlú méjì, ṣí aṣọ funfun náà, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó yí i síwá sẹ́yìn. Kò sí àbàwọ́n kankan. “Hùn,” ni ó wí. Bàbá mi fò sókè bí ọmọdé.

Nínú ẹbí wa, a kì í dá ìkòkò ọlọ́bẹ̀ padà lófìfo. Yèyé Ọdà fọ ìkòkò náà, ó wọ ilé, ó sì jáde pẹ̀lú rẹ̀. Ẹyin adìẹ ni ó kó kún inú rẹ̀, tútù, láì sí koríko tàbí èèpo kankan láàárín wọn. Ó gbé e lé ìyá mi lọ́wọ́. “Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ sọ fún un pé ọbẹ̀ kì í fọ́.” Mo rí i tí ojú ìyá mi yí padà. Bàbá kò rí i. Ó ti gun orí ẹ̀rọ, ó ti ń súfèé. Ìdùnnú ló wà á padà, kì í ṣe Bàbá mi. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wa, igi ń sá kọjá, èmi náà ń hó. Ìyá mi ní, “Bàbá Bísí, ẹ rọra.” Ó ní, “A ti yege, Ìyá Bísí!” “Bàbá Bísí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra.” Níbi tí ọ̀nà ti dà sísàlẹ̀ lọ sí odò, tó sì ya lójijì sí apá ọ̀tún, Bàbá yà, ẹ̀rọ náà kò yà. Ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sókè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ajá tó fẹ́ tọ̀. Mo rántí pé mo ní àyè láti ronú pé kò ní ṣubú. Ó ṣubú. Èmi fò sínú koríko, mo bó lórúnkún. Ìyá mi, ẹni tó ní ọwọ́ méjì tó lè fi di nǹkan mú, fi méjèèjì gbá ìkòkò mọ́ àyà, ó sì fi ìgúnpá balẹ̀ lórí òkúta.

Mo ti ronú lórí èyí ju ohun mìíràn lọ láyé mi. Ní yunifásítì, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ nípa ẹ̀rọ yà á fún mi lórí ìwé, ìdí tí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fi máa ń dojú dé ní kọ́nà. Ó yé mi. Èyí tí kò sí ẹni tó lè yà fún mi ni ohun tó wà lọ́kàn obìnrin kan tó mọ̀ pé bí ẹyin bá fọ́, wọn kò ní sọ pé ẹ̀rọ ló fọ́ ọ.

Àwọn tó ń ti oko bọ̀ bá wa gbé ẹ̀rọ náà dìde. Ìyá mi kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ó fi ọ̀já so apá òsì mọ́ àyà, ó ní kí Bàbá gbé ìkòkò lé òun lórí, ó fi ọwọ́ ọ̀tún dì í mú, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn, Bàbá ń ti ẹ̀rọ náà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí a dé Arákalẹ̀, gbogbo ilé ti ń retí wa lẹ́nu ọ̀nà. Làmídì sáré gbé ìkòkò kalẹ̀, ó kó ẹyin náà yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹ̀fun ń dà sí i lára. “Kò sí èyí tó fọ́! Yèyé, kò sí èyí tó fọ́! Wọ́n ti yege!”

Yèyé Àgbà ti dìde. Àwo ẹ̀gúsí rẹ̀ dà sílẹ̀, kò wò ó. “Ta ló bi ọ́ ní ẹyin?” Ó lọ bá ìyá mi, ó tú ọ̀já náà. Apá náà ti wú, ó ti rọ̀ bí ẹ̀ka tó ya. Ìyá mi fẹ́ kúnlẹ̀ kí i. “Má kúnlẹ̀.” “Yèyé, ẹ má bínú, ẹyin náà…” “Mo ní ta ló bi ọ́ ní ẹyin, ọmọ mi?” Gbogbo wa gbọ́ ọ. Ìyá mi, tí kò sunkún láti odò títí délé, bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Yèyé Àgbà di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú, ó yí sí Bàbá mi tó dúró ti ẹ̀rọ rẹ̀ pẹ̀lú eruku lórí. “Délé, ohun méjì ni o gbé wá láti Oǹdó. Dá ọ̀kan padà. Fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi.”

Wọ́n ránṣẹ́ pe teguntegun ní ìrọ̀lẹ́ náà láti wá to egungun apá rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Bàbá ti dá ẹ̀rọ náà padà. Títí apá yẹn fi jinná, Yèyé Àgbà ni ó ń gún iyán fún ìyá mi, òun fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí Bísí fọwọ́ kan ọmọ odó. Nígbà tí Bàbá jókòó, tó dorí kodò, tó ń sọ pé iná ààrò ni òun yóò pa báyìí, ìyá rẹ̀ ni ó dá a lóhùn. “Ààrò kì í rìn, mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé mo ní wọn kì í mọ òmíràn ni?” Wọ́n mọ ààrò kejì sí ẹ̀yìnkùlé Yèyé Ọdà. Làmídì lọ ń gbé ibẹ̀, Bísí náà lọ, pé kí ó máa bá wọn tajà kí ó sì máa lọ sí ilé ìwé níbẹ̀. Kò padà wá gbé Àkúrẹ́ mọ́. Nítorí náà, ẹ̀rọ yẹn mú ẹnìkan kúrò nílé wa síbẹ̀síbẹ̀, n kò sì tíì dárí jì í.

Mo ti ń kọ èyí láti òwúrọ̀, Dàpọ̀ ti fọn fèrè rẹ̀ níta, ó ti sú u, ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní bí ó bá fẹ́ àdúrà mi, kí ó kọ́kọ́ lọ ra ẹyin wá, kí ó kó o kún ìkòkò Yèyé, kí ó sì gbé mi lọ sí Ọdà. Ó ní, “Bàbá àgbà, ẹyin wà ní Ọdà o.” Mo ní mo mọ̀. Yèyé Àgbà ti lọ, àbúrò rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀ ní òun nìkan. Bàbá mi ti lọ, ó ń súfèé títí dé ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Làmídì ti lọ, ìlú rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Ìyá mi ni ó pẹ́ jù nínú wọn. Apá rẹ̀ kò nà tán títí ó fi kú, bí òjò bá sì ń ṣú, apá náà ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ fún wa. Ìkòkò náà ṣì wà, ó sán létí, ṣùgbọ́n kò jò. Èmi wà. Bísí wà ní Ọdà, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ó sì máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti fi etí ṣọ́ ẹni tó ń bọ̀. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ní bèèrè ẹyin. Apá mi ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.